Kí Ló Ń Mú Wa Ṣubú Tá A Bá Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Pọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa bíi mẹ́wàá la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Sátidé, lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ó ti di pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣubú ká tó padà sílé. Mọ́tò ò kọlù wá o, ojú títì náà dáa. Ẹni tó wà lẹ́yìn á kàn ṣàdédé nà gbalaja sílẹ̀, ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ò ní mọ̀ títí á fi gbọ́ ariwo. Kí lẹ rò pé ó ń fà á?

Ìdáhùn: Ẹni iwájú ò mọ̀, ẹni ẹ̀yìn ti wà nílẹ̀: táyà ló kan táyà, kò jọ nǹkan míì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni ẹ̀yìn á ti sún mọ́ ọn débi pé táyà iwájú tiẹ̀ á ti wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó ń tẹ̀ lé, bóyá ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré ló fi wọ ibẹ̀, tẹ́ni iwájú bá wá rí kòtò tó sì yà díẹ̀, táyà méjèèjì á gbá ara wọn. Ẹni iwájú ò ní mọ̀ ọ́n lára torí táyà ẹ̀yìn kì í yí sọ́tùn-ún sósì, ó sì tún jẹ́ pé orí ẹ̀ lèèyàn jókòó lé jù. Táyà iwájú ní tiẹ̀, òun la fi ń darí, òun náà ni ò jẹ́ ká ṣubú, torí gbogbo ìgbà tá a bá wà lórí kẹ̀kẹ́ là ń yí i díẹ̀díẹ̀ síbi tá a bá ti fẹ́ wó sí láìmọ̀, tí nǹkan bá wá dí i pé kó má lè yí, ilẹ̀ yá nìyẹn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí tún wà níbẹ̀. Tẹ́ni iwájú bá dé ibi òkè tó wá dìde kúrò lórí ìjókòó, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó láti gbá ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kó máa tẹ pẹ́dà lọ bó ṣe ń dìde, kó má sinmi ẹsẹ̀, ìyẹn á dín in kù. Ẹni ẹ̀yìn náà, kó yé tẹjú mọ́ táyà, èjìká ẹni iwájú ni kó máa wò, tàbí kó wo iwájú kọjá ẹ̀.

Àyè wá ńkọ́? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ yín, ìwọ̀n odindi kẹ̀kẹ́ kan ni kó fi sílẹ̀ sáàárín òun àti ẹni iwájú. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní atẹ́gùn á máa da àwọn dúró, òótọ́ ni, ẹni tó bá sá sẹ́yìn ẹlòmíì lè rí tó ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ fi pamọ́, nígbà míì ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí tí gbogbo wa fi ń lẹ̀ mọ́ra nìyẹn. Àmọ́ èrè yẹn ò tán tó o bá fi mítà kan tàbí méjì sílẹ̀, ó kàn dín kù ni. Tó o bá sì rí i pé o ti ń sún mọ́ jù, má fa bíréèkì lójijì, nàró lórí ìjókòó kí atẹ́gùn gbá ọ láyà, kẹ̀kẹ́ á rọra fà sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Bíréèkì tẹ́nì kejì bá fà lójijì, ẹni kẹfà ló máa ń jìyà ẹ̀.

Ìbéèrè: Tá a bá pariwo "kòtò!" ó máa ń pẹ́ jù. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi nà án, kí ẹnu tó tẹ̀ lé e, kí oníkálukú sì máa nà án sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Nǹkan tó lè gbé èèyàn ṣubú nìkan ni kẹ́ ẹ máa pè, tẹ́ ẹ bá ń pe gbogbo òkúta wẹ́wẹ́, láìpẹ́ kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mọ́. Èyí tí mi ò fẹ́ rí rárá ni kẹ́ni iwájú dé oríta kó máa pariwo pé "kò sí mọ́tò o, ẹ máa bọ̀". Kò sí mọ́tò nígbà tóun kọjá ni. Kí kálukú fojú ara ẹ̀ wò ó jàre.

Ìbéèrè: Hẹ́mẹ́ẹ̀tì mi gbálẹ̀ nígbà tí mo ṣubú, mi ò rí ibi tó sán. Ṣé mo ṣì lè máa lò ó?

Ìdáhùn: Rárá, rọ́pò ẹ̀. Fóòmù inú ẹ̀ ló ń rún kí orí má baà rún, tó bá sì ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í wú padà, ojú ò sì lè rí i látìta.

Ìbéèrè: Inú igbó lèmi ti ń gùn ní tèmi. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ máa ń yọ̀ mọ́ mi lábẹ́. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú láé.

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹ́ sínú ewu. Tó o bá ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, ìwúwo ara ẹ á sún síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, tó o bá wá fa tẹ̀yìn nìkan, á dúró gbagidi, á sì máa wọ́ nílẹ̀. Yíyọ̀ tó ò ń sọ gan-an nìyẹn. Lo méjèèjì, ìka kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, rọra fún un, fi ìdí sẹ́yìn, tẹ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Kó o sì dín eré kù nígbà tí ọ̀nà bá ṣì gún, kó o tó wọ kọ́ọ̀nà, tó o bá dénú kọ́ọ̀nà, tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo afẹ́fẹ́ táyà ẹ. Àìmọye èèyàn ló ń fa afẹ́fẹ́ kún táyà inú igbó bíi ti ojú títì. Táyà tó fẹ̀ tó 2.2 inṣi tí kò ní túùbù, nǹkan bíi 20 sí 28 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe le tó) ló máa ń tó, ó kù sọ́wọ́ bó o ṣe wúwo tó. Tó bá le jù, á máa ta pọ́n-ún lórí òkúta dípò kó di ilẹ̀ mú. Àmọ́ tó o bá ń lo túùbù, má jẹ́ kó rọ̀ jù, torí rímù á tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, wàá bá ihò méjì tó jókòó ti ara wọn lára túùbù.

Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ló lọ̀nà o, ìwọ tó ò ń sọ̀ kalẹ̀ ni kó o yà fún un. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó gun ẹṣin náà lọ̀nà. Tó o bá rí ẹṣin, bá a sọ̀rọ̀ látòkèèrè kó lè mọ̀ pé èèyàn ni ẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n fi ọ̀dà ya ìlà fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ létí títì wa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tí wọ́n páàkì ló gbà kọjá. Ẹnì kan ti ṣílẹ̀kùn lù mí rí. Ṣé kí n ṣì máa gba inú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dà ò lè dá ilẹ̀kùn dúró. Ilẹ̀kùn mọ́tò tó bá ṣí tán máa ń gba nǹkan bíi mítà kan, torí náà fi mítà kan àti àbọ̀ sílẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, tí ìlà yẹn ò bá gbà ẹ́ láyè, tí òfin ibẹ̀ sì gbà, wẹ̀yìn, na ọwọ́, kó o bọ́ sójú títì gan-an. Má máa wọlé jáde láàárín mọ́tò, awakọ̀ ò ní mọ ibi tó ò ń lọ. Àti tírélà, tó bá ti ń na tráfíkétọ̀ lóríta, má yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, awakọ̀ ò rí ẹ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sáwọn aláṣẹ, ẹ má béèrè ọ̀dà sí i. Lọ́dún 1971, ó lé ní 3,000 èèyàn tó kú sójú títì ní Netherlands, ó lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé, àwọn òbí àtàwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ jáde síta, wọ́n fárígá, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó dá dúró. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni kí wọ́n gbé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sáàárín ibi ìpáàkì àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ gbé téèpù ìdiwọ̀n sórí ìlà kí nọ́ńbà hàn nínú fọ́tò. Ẹ tún wo irin tí wọ́n fi bo ojú gọ́tà, tí àlàfo ẹ̀ bá gùn tẹ̀ lé ibi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ, táyà tín-ín-rín á kó sínú ẹ̀. Kí wọ́n yí i sí ìbú.