Òṣómàáló Lẹ́yìn Ọmọ: Bí Bàbá Tí Ìgbéyàwó Rẹ̀ Túká Ṣe Lè Sún Mọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ọdún kẹta rèé tí èmi àti Ìyá Ìbejì ti tú ká. Ó kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ifẹ̀, èmi wà ní Iléṣà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí ṣá: bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè ni mo ṣe ń lóṣòó ti ọmọ mi.

Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Sátidé ni tèmi. Ìrìn bíi kìlómítà 30 péré ni. Oníbàárà tó bá fẹ́ gba aṣọ lọ́jọ́ náà, kó tètè wá ní Jímọ̀.

Lórí fóònù, ẹ má bi ọmọ pé "ṣé dáadáa lo wà?" "Dáadáa ni, sà," ọ̀rọ̀ bùṣe. Ajá ilé kejì tó bímọ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má sì béèrè ẹni tó wá kí ìyá wọn o! Mo dán an wò ní Sátidé kan; mi ò tíì dé Òsú lójú ọ̀nà Iléṣà tí Ìyá Ìbejì fi pè mí.

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá náwó. Mo kó wọn lọ sídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, mo ní kí wọ́n ka ìṣó ara rẹ̀. Iye tí Táyé kà, Kẹ́hìndé ní irọ́ ni. Àríyànjiyàn yẹn bá wa délé.

Ẹ kọ́ irun dídì, bí ẹ bá lọ́mọbìnrin. Èmi rò pé ọwọ́ télọ̀ ò lè kùnà. Mo fi téèpù wọn orí Táyé, mo fi ìlàrun yà á gbọọrọ, mo bẹ̀rẹ̀ ṣùkú. Iwájú le dáadáa, ẹ̀yìn wá tú wuuru. Táyé wo dígí, ó dákẹ́, ó ní: "Bàbá mi, ẹ bá mi mú fìlà." Ìyá wọn jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó wá jókòó tì mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ mú un láti ìdí. Irun kì í ṣe ṣòkòtò."

Èmi ni mo ń di í báyìí. Kẹ́hìndé náà ti ní kí n máa gẹ irun òun. Mo ní ká lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.