Bí ẹ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ opó kan láti Èkìtì dé Geneva

Bí ẹ bá fẹ́ yọ̀ǹda ara yín fún ẹgbẹ́ ìjọ tó ń lọ sí ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, ní Switzerland, ẹ má tíì wá físà. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tí ẹ fẹ́ gbẹnu sọ fún.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Ìkọ̀lé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Màmá tí mo lọ bá kò bímọ fún ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sin bàbá tán, ẹbí pín oko kòkó, wọ́n sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń pín ogún nílẹ̀ wa: ìbáà jẹ́ ìdí-igi, tí a fi ìyá kọ̀ọ̀kan pín, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí, tí a fi iye ọmọ pín, ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Obìnrin tí kò bí, ìdí igi wo ni wọn óò kà á mọ́? Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń sọ̀rọ̀, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbì kan mo kọ “dúkìá”, mo sì kà á sókè fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Dúkìá kọ́. Ulé mi ni.” Mo pa á rẹ́. Ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ ni kí ẹ kọ.

Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, kí ẹ sì sọ fún un pé gbogbo ayé lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ní rárá, ẹ yọ orúkọ, ẹ yọ abúlé, ẹ yọ ohunkóhun tí ẹbí ọkọ lè fi dá a mọ̀. Ohun tí èmi náà ṣe nìyí, ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá òfin tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Maputo lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní 2004. Abala 21 rẹ̀ ní opó ní ẹ̀tọ́ sí ìpín tó tọ́ nínú ogún ọkọ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú ilé tí wọ́n jọ gbé. Èkìtì fúnra rẹ̀ ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Mo sọ èyí nítorí àwọn ará ìjọ wa fẹ́ràn láti wàásù. Ìgbàgbọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ màmá, mi ò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ní Geneva, àwọn aṣojú ìjọba ló jókòó, ohun tí ìjọba ti fọwọ́ sí ló sì lè mú wọn dáhùn.

Ẹnìkan kì í dá wọlé síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ECOSOC, ìgbìmọ̀ kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló lè fi orúkọ yín sílẹ̀. Mothers' Union wà fún àwa Áńgílíkà, Franciscans International wà fún àwọn Kátólíìkì, Islamic Relief sì wà fún àwọn Mùsùlùmí. Àwọn mìíràn pọ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù tàbí àwọn aṣáájú yín kọ̀wé sí wọn. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú kí inú yín tó dùn jù. Iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ lójoojúmọ́ o. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi jókòó, tí mò ń kọ orílẹ̀-èdè tó sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó sọ.

Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, orílẹ̀-èdè 47, ń pàdé nígbà mẹ́ta lọ́dún: nǹkan bí oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Ó tún ní àyẹ̀wò bí ìjọba ṣe ń pa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́, tí wọ́n ń pè ní UPR, tó ń kan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ síra. Ti Nàìjíríà wáyé ní January 2024. Níbi àyẹ̀wò yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè nìkan ló ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ìwé tí ẹ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yín gbọ́dọ̀ ti dé ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kò gbọ́dọ̀ ju 2,815 ọ̀rọ̀ lọ fún ẹgbẹ́ kan. Bí owó Geneva kò bá sí, ẹ wo Banjul ní Gáńbíà, níbi tí ilé iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà wà. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gáńbíà.

Ti Switzerland nílò físà, pẹ̀lú ìwé ìpè àti ìwé ìbánigbófò tó bo ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta, òtútù ibẹ̀ ju ti ọyẹ́ lọ fíìfíì. Ẹnu ọ̀nà Pregny ni a ti tò láti gba káàdì, pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́. Mo wọ súwẹ́tà sábẹ́ bùbá.

Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni wọ́n fún wa. Èdè mẹ́fà ni wọ́n ń túmọ̀ sí, Yorùbá kò sí níbẹ̀, àwọn ògbufọ̀ kò sì lè bá ẹni tó ń sáré. Mo ti fi fóònù wọn àkókò ọ̀rọ̀ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó bá a mu. Àmọ́ nígbà tí iná pupa tàn lára gbohùngbohùn, mo fà á, mo ń fẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ìbéèrè wa, pé kí ìjọba mú òfin ṣẹ kí wọ́n dá ilé padà fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ìparí ni mo fi í sí.

Mo gbé fídíò rẹ̀ lọ fún màmá. Ó wò ó tán, ó wò mí. “Ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n dá ulé mi padà dà?”

Nítorí náà, ìbéèrè ni kí ẹ fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìtàn lè tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá sì gé e, kó jẹ́ ìtàn ni wọ́n gé. Ẹ má jẹ́ kó ju 170 ọ̀rọ̀ lọ, kí ẹ sì kà á fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ni yóò ka ọ̀rọ̀ tuntun náà ní oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo tún lọ sí abúlé yẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n tún gbólóhùn àkọ́kọ́ kà. Mo tún un kà.