Bí Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́ Ṣe Di Ilé Ìtura Lọ́wọ́ Mi

Ilé Bàbá wa l'Óṣogbo kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá mẹ́rìnlá ni: méje lọ́tùn-ún, méje lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan láàrin, kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ gan-an. Balùwẹ̀ méjì àti ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, kànga sì sún mọ́ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1983 tí iléeṣẹ́ irin tí gbogbo wa ń pè ní Steel Rolling bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yàrá di ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wá kiri ìgboro. Àwọn géndé láti Iléṣà, Ọ̀fà, Ìkìrun, títí dé ilẹ̀ Ẹdó, ń wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí. Bàbá kì í gba owó ọdún lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ tí owó oṣù bá bọ́ ni wọ́n ń san. Ìyá wa ló ń bọ́ wọn. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ẹ̀kọ ti wà nílẹ̀, mọ́ínmọ́ín ti ń hó lórí iná, torí ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ ò lè dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Àmọ́ Steel Rolling kì í yọ́ irin fúnra rẹ̀. Láti Aladja, lẹ́bàá Warri, ló yẹ kí irin tí wọ́n máa sọ di ọ̀pá ìkọ́lé ti máa wá. Nígbà tí ìyẹn ò wá déédéé mọ́, iṣẹ́ dẹ̀, owó oṣù ò jáde, àwọn ayálégbé wa sì ń kẹ́rù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Bàbá máa fi jáde láyé, ẹni mẹ́ta ló kù nínú yàrá mẹ́rìnlá, méjì nínú wọn sì jẹ wá lówó.

Àwọn àbúrò mi ní ká tà á. Èmi ni mo ní ká sọ ọ́ di ilé ìtura. N ò mọ iṣẹ́ náà rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọdún 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, tó bá ti di oṣù kẹjọ, tí wọ́n bá ti ṣe Ìwọ́pópó tó ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, àlejò á ti kún ìlú. Tó bá wá ku ọ̀la kí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá lọ sódò Ọ̀ṣun, jáde, ẹ ó rí ẹni tó wọ aṣọ funfun gbòò tó ń sun inú mọ́tò, torí kò rí yàrá.

Téèpù ni mo kọ́kọ́ mú. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan àti kọ́bọ́ọ̀dù ti gbà á tán. Ibo ni balùwẹ̀ máa gbà? Bíríkìlà àgbà kan ló yọ mí. Ó ní kí n má wò ó ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta: ká gé ti àárín sí méjì, kí ìdajì di balùwẹ̀ yàrá ọ̀tún rẹ̀, kí ìdajì kejì di ti yàrá òsì rẹ̀. Lápá kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́fà di mẹ́rin. Yàrá iwájú méjì tó ṣẹ́kù, ọ̀kan di ibi tí a ti ń gba àlejò, ọ̀kan di ibi tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Mẹ́rìnlá di mẹ́jọ. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n gé mi lápá, ṣùgbọ́n àlejò tó bá máa gbé garawa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lóru kò ní padà wá.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ omi fún mi ló fojú mi rí nǹkan. Ó tẹ́ táìlì balùwẹ̀ mẹ́rin, ó ń dán gbinrin, mo sanwó. Àlejò àkọ́kọ́ wẹ̀ lálẹ́, ó jáde, ó bá sílípáàsì rẹ̀ tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ balùwẹ̀ dà sí ọ̀nà ilẹ̀kùn dípò kó dà sí ọ̀nà ihò omi! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fọ́, owó mi náà la fi tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ da odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ táìlì, kí ẹ dúró, kí ẹ wo ibi tó gbà. Ní ti sọ́kàwéè, a ò jẹ́ kó sún mọ́ kànga mọ́. Iwájú ilé, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, la gbẹ́ ẹ sí. A dí ṣáláńgá àtijọ́ pa.

Ti ìwé ìjọba ò gùn, sùúrù ló gbà. Ti iná náà ò gùn. Ìlú wa ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la fi ń tan fíríìjì. Mo ra sólà fún gílóòbù àti fáànù, ó tán síbẹ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta ni kí n rà fún bẹ́ẹ̀dì kan: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú omi ọṣẹ, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò rántí pé àsìkò òjò ni ọdún Ọ̀ṣun. Lọ́dún àkọ́kọ́, a sá aṣọ lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó gbẹ, ó sì ń rùn. Mẹ́rin ni mo ń rà báyìí. Mo sì ń tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, torí ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ń gbé báàgì eléruku lé.

Ibi tí mo ti ṣìnà jù kò kan bíríkìlà. Gbogbo ohun tó bá ti jọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ kó lọ. Mo ta bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní aago mẹ́jọ la ó máa fún àlejò ní búrẹ́dì àti tíì. Mo wá kọ̀wé sí ayálégbé tó kẹ́yìn, Bàbá Iléṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì láti ilé irin, pé kó wá ilé mìíràn.

Ìyá wa gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Àyọ̀ká, ta ni yóò wá máa kí àlejò ẹ? Ìwọ tí o kì í jí kí aago méje lù?"

Mo bínú, àmọ́ mo gbà. Bàbá Iléṣà kó lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọmọbìnrin tí mo gbà síṣẹ́ á ní "Welcome, sir," ojú rẹ̀ á wà lórí fóònù. Bàbá Iléṣà á dìde tìka-tìka: "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ibo lẹ ti ń bọ̀? Ẹ jókòó, ẹ mu omi." Kò sì sí ibi tí wọ́n máa jókòó. Káfíńtà tí mo ta bẹ́ǹṣì fún, iye tó tà á padà fún mi, n ò ní sọ ọ́ níbí.

Aago mẹ́jọ náà ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ríran rí Arugbá ti gbọ́dọ̀ jáde ní kùtù. Ìyá ò lè dúró nídìí iná mọ́, ó kàn ń jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín aago márùn-ún padà dé. Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n se ẹ̀wà elépo, kí wọ́n to ẹyin bíbọ̀ lé e lórí. Obìnrin kan láti Bahia, ní Brazil, rí i, ó mú fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀ léraléra. Ó ní báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sè é fún Oxum lọ́dọ̀ tàwọn, omolocum ni wọ́n ń pè é.

"Ṣé Ọ̀ṣun wa níbí ló ń wí?" Ìyá bi mí.

"Òun náà ni, Mà."

"Ẹ bù sí i fún un."

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun wọlé, ó ní òun fẹ́ yàrá kẹfà lápá òsì. Ọmọ ìdí káúńtà ní kò sí irú rẹ̀. Bàbá Iléṣà yọjú láti orí bẹ́ǹṣì, ó wò ó títí, ó pariwo: "Fítà! Ìwọ kọ́ nìyí?" Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wa ìgbà Steel Rolling ni. A mú un lọ wo yàrá kẹfà tó ti di balùwẹ̀. Ó dúró láàrin táìlì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáwà: "Ibí yìí gan-an ni bẹ́ẹ̀dì mi wà." Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Láàárọ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá nídìí ẹ̀kọ. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Dìde," ó ní. "O ṣì jẹ mí lówó ẹ̀kọ."