Oṣù Mẹ́jọ ni Wọ́n Fi Pe Kókó Inú Egungun ní Làkúrègbé

Ohun tí ó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ni pé mo san owó ẹ̀ksíréè lẹ́ẹ̀mẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní wákàtí tí ìrora náà máa ń dé. Lọ́sàn-án, mo lè dúró kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi láìjókòó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di aago méjì òru, ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí dé inú mùdùnmúdùn, àfi bí mo bá lo asipirín méjì. Làkúrègbé ni wọ́n kọ sínú fáìlì mi, nítorí pé oríkèé náà wú díẹ̀, ẹ̀ksíréè sì ń fi hàn pé egungun mọ́ tónítóní. Ìyá mi ti fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ teguntegun.

Mo wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan: aago tí ó bẹ̀rẹ̀, aago tí mo lo oògùn, aago tí ó dákẹ́. Ìwé yìí, tí mo fi ń yangàn títí di òní, ni dókítà àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn kà tí ó fi fura sí osteoid osteoma, kókó kékeré tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí ó ń tú èròjà tí ń fa ìrora jáde, èyí tí asipirín máa ń dí lọ́wọ́. Henry Jaffe, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ti ṣàlàyé àrùn yìí láti ọdún 1935, kì í ṣe ohun tuntun! Bí ó bá wà nínú talus, egungun tí ojúgun jókòó lé, àwọn egungun yòókù lè bò ó lójú ẹ̀ksíréè.

Ibi CT, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ní gígé-gígé, ni wọ́n ti pa mí láyò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iná lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ya àwòrán náà ní gígé tó nípọn tó mílímítà 5, wọ́n sì kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà wo bébà náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní kókó tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ lè bọ́ sí àárín irú gígé bẹ́ẹ̀. Ó dá mi padà pé kí wọ́n gé e ní mílímítà 1. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ pé bébà tí dókítà kọ́kọ́ fi rán mi wá kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n ó tún owó san. Mo jà, mo sì san án, èmi tí mo ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹta! Kókó náà wá hàn, ó dà bí ihò róbótó lójú àwòrán, tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan, tí egungun líle yí i ká.

Wọ́n là á, wọ́n ha á kúrò. Àyẹ̀wò fi hàn pé òun náà ni. Ní òru ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ojú egbò nìkan ni ó ń ro mí, mo sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí mi, ìwé wákàtí ni n ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. N kò ní dá asipirín lò fún oṣù mẹ́jọ, nítorí ó ti ń da inú mi rú. N ó sì rí i pé mílímítà 1 wà lára bébà CT kí n tó dìde níwájú dókítà.