Afẹ́fẹ́ Orí Òkè: Kí Ni Nọ́ńbà Inú Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ Ń Sọ Gan-an?

Wọ́n kọ 15 síbi ìyára afẹ́fẹ́. Ṣé ó le?

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ni? Ẹ ka lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 15 km/h (kìlómítà ní wákàtí kan) kò ju kí ewé máa mì lọ. 15 kt (knot, ìwọ̀n tí àwọn awakọ̀ òkun ń lò) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 km/h. 15 m/s (mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) jẹ́ 54 km/h, ìyẹn sì kúrò ní eré.

Ṣé ibi tí ọfà kọjú sí ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀?

Rárá. Ọfà sábà máa ń kọjú sí ibi tó ń lọ. Lẹ́tà ló ń sọ ibi tó ti ń bọ̀. W túmọ̀ sí pé láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá.

Nọ́ńbà méjì ni mo rí, 35 àti 65. Èwo ni kí n mú?

Méjèèjì. 35 ni ìpíndọ́gba, ti ìṣẹ́jú 10 lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè. 65, èyí tí wọ́n kọ gust sí, ni ẹ̀fúùfù tó máa ń rọ́ dé lójijì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Òun ló ń gbé èèyàn ṣubú. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà 65 yẹn ń ti yín ju 35 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Ẹni tó bá ka 35 nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kà.

Wọ́n ní 20 km/h, ṣùgbọ́n a ò lè dúró lókè. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?

Ẹjọ́ tí kì í tán rèé. Wọn ò purọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́ pín ilẹ̀ ayé sí àpótí àpótí. Àpótí ti ECMWF, àjọ tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Yúróòpù, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9, ti GFS, ètò ìṣírò ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, tó nǹkan bíi 13. Gíga kan ṣoṣo ni àpótí kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òkè yín ga ní mítà 3,000, tí àfonífojì sì yí i ká: kọ̀ǹpútà lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 1,900. Mítà 10 sókè ilẹ̀ àfòyemọ̀ yẹn ni 20 km/h ti wá. Ẹ̀yin wà ní mítà 1,100 lókè rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kò ti dá afẹ́fẹ́ dúró mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá gíga tí wọ́n kọ sójú ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ elevation. Bó bá fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kéré sí góńgó yín, ẹ pa nọ́ńbà náà tì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo afẹ́fẹ́ òfuurufú ní ìpele tó sún mọ́ yín. HPa, ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan, ni wọ́n fi ń dárúkọ ìpele: 850 hPa wà ní nǹkan bíi mítà 1,500, 700 hPa ní bíi 3,000, 500 hPa ní bíi 5,500. Bí 700 hPa bá ní 70, 70 ni kẹ́ ẹ gbà.

Kò tíì tán. Àlàfo tó wà láàárín góńgó méjì máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, yóò sì sáré ju ti òfuurufú lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà gbà kọjá. Ẹ̀yìn òkè náà kì í ṣe ibi ààbò nígbà gbogbo. Nígbà míì, afẹ́fẹ́ á gun òkè, á sì já wálẹ̀ lódìkejì pẹ̀lú agbára. Ẹ má sì fi ìdákẹ́rọ́rọ́ òwúrọ̀ ní ìsàlẹ̀ ṣe ẹ̀rí: afẹ́fẹ́ tútù tó sùn sínú àfonífojì lóru kì í jẹ́ kí ti òkè dé ọ̀dọ̀ yín.

Òtútù ńkọ́?

0°C pẹ̀lú 40 km/h máa ń ṣe ara bíi −7. −10°C pẹ̀lú 50 km/h, bíi −22. Bí wọ́n bá ti kọ feels like (bó ṣe máa rí lára) síbẹ̀, wọ́n ti yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò. Ẹ má tún un yọ.

Àsọtẹ́lẹ̀ méjì ta kora, ọ̀kan ní 30, èkejì ní 70.

Ẹ fi 70 ṣètò. Bí ọ̀nà yín bá gba orí òkè tóóró kọjá, ẹ pe afinimọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ fún un, kì í ṣe ìyára nìkan. Òun ló mọ àlàfo tó máa ń le bó bá fẹ́ láti ibẹ̀.