Fáìlì Ló Jẹ Owó Wa: Ìrírí Mi Nídìí Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ ní Èkó

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ₦20,000 ni mo yà sọ́tọ̀ láti fi mú àbúrò mi ọkùnrin padà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí a ó fi padà dé Ìkòròdú ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti ná ₦48,000, mo sì ti jẹ ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ojúlé kejì sí tiwa ní gbèsè. Oògùn kọ́ ló gbé owó náà lọ, dókítà kọ́ sì ni. Fáìlì ni.

Bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àti oṣù márùn-ún tí a lò lórí òkè àdúrà kí ojú wa tó là, n kò ní í rò ó níhìn-ín. Ilé tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ kò nílò ìtàn tèmi. Káàdì gbígbà kò nira, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Kì í ṣe ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá ni a lọ o. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, síbẹ̀ títí di òní, bí ènìyàn bá ṣe ohun tí kò yé ará Èkó, “Yaba Left” ni wọ́n máa fi bú u, ìyá wa sì ti búra pé ọmọ òun kò ní í gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Nítorí ẹnu ayé ni a ṣe ń lọ sí ibòmíràn tó jìnnà sí wa jù ú lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún wa láti padà wá. Bí ẹ bá lè bẹ̀bẹ̀, ẹ má gba ọjọ́ Ajé. Aago márùn-ún ìdájí ni a ti tò sí ìlà bọ́ọ̀sì BRT, síbẹ̀ nọ́ńbà 43 ni a bá ní ilé ìwòsàn. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lójú fèrèsé yàrá àkọsílẹ̀ gba káàdì wa, ó wọlé, ó pẹ́, ó jáde, ó ní òun kò rí fáìlì. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un wò. Ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ jókòó ná.” Mo jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan mo padà lọ, ó tún ní kí n lọ jókòó, bí ẹni pé ìjókòó ni a fi ń wá ìwé.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò mi ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn àga, ó ń ka páànù òrùlé sókè: ẹ̀tàdínlógún, èjìdínlógún, ọ̀kàndínlógún; bí ó bá ti dé orí ogún, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ohun tí àwọn àgbà wí nìyẹn, ṣùgbọ́n níbi tí olúkúlùkù ti gbé tirẹ̀ wá, n kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣàánú wa sọ fún mi pé kò sí dókítà tí yóò rí aláìsàn tí kò ní fáìlì. Ní aago méjì, wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé, wọ́n ní kí a padà wá ní ọ̀la.

Mo mọ̀ pé bí àbúrò mi bá fi lè wọ ilé wa lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ní í jáde mọ́, nítorí náà a gba tákísì lọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan ní Ṣómólú, mo ra oúnjẹ fún gbogbo ilé, n kò sì fojú ba oorun. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí a ya fáìlì tuntun: owó fáìlì, owó káàdì, owó àtirí dókítà, bí ẹni tí a kò rí rí. Ilé mìíràn ni wọ́n ti ń sanwó, ẹ̀rọ POS wọn kò sì ríṣẹ́ ṣe títí di ọ̀sán.

Dókítà tuntun tó rí wa kò mọ̀ wá rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ kan. Mo dá a dúró. Ní oṣù kìíní, oògùn yẹn kan náà ló lọ́ ọrùn àbúrò mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí kò lè yí i padà, tí ahọ́n rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu, títí wọ́n fi gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn. Inú fáìlì tó sọnù ni wọ́n kọ èyí sí pẹ̀lú yíǹkì pupa. Mo fa ìwé àkọsílẹ̀ mi yọ, níbi tí mo ti kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó lò ó àti ohun tó ṣe fún un. Dókítà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ni mí ni. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì fi ìgbéraga díẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó yí i sí olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn. Oorun ń kun àbúrò mi sí i, ó sì ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka páànù mọ́. Owó oògùn náà ni kò ṣe é sọ láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023.

Ọdún yẹn náà, ní oṣù kìíní, ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí wọ́n sì fi pa òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ rẹ́. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n òfin kò bá ènìyàn wá fáìlì. Bí mo bá tún un ṣe, n ó ya fọ́tò gbogbo ìwé ní ọjọ́ kìíní, n ó sì mú ẹnì kan dání tí yóò máa tẹ̀lé àbúrò mi nígbà tí èmi bá ń tẹ̀lé ìwé, nítorí ẹni kan ṣoṣo kò lè ṣe méjèèjì.

Ní oṣù keje, ọ̀dọ́mọkùnrin ojú fèrèsé náà gbé fáìlì àtijọ́ jáde fúnra rẹ̀. Orúkọ ìbejì ni orúkọ ìdílé wa, ẹni tó to fáìlì náà sì rò pé orúkọ àbúrò mi gan-an nìyẹn, ló bá fi orúkọ rẹ̀ gangan ṣe ti bàbá, ó tò ó sí abẹ́ lẹ́tà mìíràn, ibi tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wá a. Mo ní kí ó bá mi pa fáìlì méjèèjì pọ̀. Ó ní ìyẹn yóò gba kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, pé ₦500 ni wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀.