Ẹ yé fi orúkọ lásán ra mọ́tò asáré o

Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́, ẹnu ti ń ro mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tà tí mo sì ń ra mọ́tò kékeré tí àgbàlagbà ń kó jọ (ìyàwó mi ń pè é ní ìṣeré ọmọdé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀) àti páàtì mọ́tò àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, ní London níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní wá bá mi pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan tí mo rà", tí n bá ti wò ó báyìí, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi.

1. Kéèyàn ra R8 láì bèèrè R8 wo. Ara mi ni n ó kọ́kọ́ bú. Audi R8 tó gba Le Mans (ìdíje mọ́tò oníwákàtí mẹ́rìnlélógún nílẹ̀ Faransé) ní 2000, 2001, 2002, 2004 àti 2005, mọ́tò ìdíje ni, kò ní òrùlé, kò sí ọlọ́pàá tó máa jẹ́ kó kọjá ní títì. Nígbà tó yá, Audi sọ mọ́tò títì tí wọ́n ń tà fún olówó ní orúkọ yẹn kan náà, wọ́n wá tún fi ti títì yẹn ṣe mọ́tò ìdíje mìíràn, R8 LMS. Ẹ wo wàhálà! Èmi rí "R8 Le Mans" lóru ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo sanwó kíá, mi ò tiẹ̀ fẹ fọ́tò ẹ̀ wò. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la páálí, mọ́tò títì ni, pupa fòò, pẹ̀lú òrùlé àti àyè tí wọ́n ń lẹ nọ́ńbà mọ́. Ó wà lórí fèrèsé mi títí dòní, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

2. McLaren F1 kì í ṣe mọ́tò ìdíje Formula 1. Mọ́tò títì ni, èèyàn mẹ́ta ló ń gbà, awakọ̀ á wà láàárín. F1 GTR, èyí tí wọ́n fi F1 yẹn ṣe fún ìdíje, ló gba Le Mans ní 1995. Ó tán.

3. "GT40 ti 2005". Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. GT40, mọ́tò ìdíje Ford àtijọ́ ni; 40 yẹn, ínǹṣì tó fi ga ni. Nígbà tí Ford fẹ́ ṣe tuntun, ẹlòmíì ló ti ni orúkọ náà, ọ̀rọ̀ owó ò wọ̀, ni wọ́n bá pè é ní Ford GT lásán.

Ó wá kan 901, ẹ jókòó dáadáa. Ní 1963 Porsche gbé mọ́tò tuntun lọ sí Frankfurt, 901 lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún kejì, ó dé Paris, Peugeot ní àwọn làwọn ni nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo bá wà láàárín ẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Porsche ò bá wọn fà á, wọ́n yọ òdo, wọ́n fi 1 dí i, ó di 911. 82 péré ni wọ́n ti ṣe nígbà tó ṣì ń jẹ́ 901. Ṣùgbọ́n wọn ò yí nọ́ńbà páàtì padà o! 901 ni nọ́ńbà páàtì àwọn 911 ìgbà yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì wọn gan-an, 901 ni wọ́n ń pè é. Ọmọkùnrin kan wá gbé irin dípẹtà kan wá, ó fi bébà ìròyìn wé e bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín, ó ní lára ọ̀kan nínú 82 yẹn ni. Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó fi èékánná ha ìdọ̀tí orí ẹ̀ kúrò: 901. Mo ní àbúrò, ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Adé náà ló ti dé adé ni? Irínwó pọ́n-ùn ló san. Kò fọhùn, ó kàn ń wé bébà yẹn padà.

Ẹlòmíì ra Porsche 904 lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ra Carrera GTS lọ́wọ́ ẹlòmíì, mọ́tò kan náà ni. Ó ra ìbejì láì mọ̀.

Lẹ́tà R ńkọ́? Lára Porsche 911 GT3 R, ìdíje ni, lára Mercedes-AMG GT R, títì ni. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Orúkọ tún dá ìjà sílẹ̀ bíi ti 901 lórí Ferrari Formula 1 ti 2011, F150 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, Ford tó ni ọkọ̀ akẹ́rù F-150 gbé wọn lọ kóòtù, wọ́n yí i padà sí 150° Italia.

Ọmọkùnrin 901 yẹn tún pè mí lánàá, ó ní ṣé mi ò rí ẹni tó máa rà á. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Ó ní nọ́ńbà yẹn ò wọlé mọ́.